Àwọn Ilé Tuntun Ìlá àti Ibi Tí Ràímì Ń Sùn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Mo lọ, mo sì ti dé. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì ni ẹ ò ti jẹ́ kí n gbádùn: "Sàdíátù, kí lo rí ní Àbìjàn? Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá tẹ̀dó síbẹ̀ kì í tòṣì mọ́?" Ẹ̀rín ni mo fi ń dá yín lóhùn. Ẹ̀rín náà ti wá sú mi, ó sì ń dùn mí nínú. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ìyá wa kò mọ̀wé, ohun tó jẹ́ kí n lè kọ ọ́ nìyẹn. Mo fi Ọlọ́run bẹ ẹnikẹ́ni tó bá kà á, kó má kà á sí wọn létí.

Kí n tó kúrò nílé

Gbogbo yín lẹ mọ ilé Ràímì, àbúrò mi. Òun ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó kọjú sí ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, tó ní òpó funfun níwájú àti géètì onírin tí wọ́n fi kìnnìún dárà sí. Ràímì ń fi owó ránṣẹ́ láti Àbìjàn, èmi ń bá àwọn bíríkìlà jà, ilé ń ga. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan òrùlé rẹ̀, mo jó. N ò ní purọ́.

Àmọ́ ẹ mọ àṣà ilé wa. Ọmọ tó kọ́lé ló ń ṣí i. Àáfà á ṣàdúà lẹ́nu ọ̀nà, onílé á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ìyá rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣáájú onílé sùn síbẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti ka onílé mọ́ òkú. Ìdí nìyẹn tí ilé náà fi wà ní títì, bí ọ̀pọ̀ ilé tuntun àdúgbò wa ṣe wà ní títì, tí alángbá ń sáré lára wọn. Ìyá wa ń sùn nínú ilé alámọ̀ tó ń jò, wọ́n ń wo ilé ọmọ wọn láti ojú fèrèsé. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà àsùbáà, wọ́n á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á lọ gbá iwájú ilé náà, nítorí igi máńgòrò ibẹ̀ kì í yé gbọn ewé. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ dé lójijì kó wá bá ìdọ̀tí. Ìró ìgbálẹ̀ yẹn ló ń jí mi lójúmọ́.

Bàbá Múfú, tó ń yọ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìránṣọ mi, kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi lórí ọ̀rọ̀ ilé. A á ní ìlú le, a ó sì gbọ́ tirẹ̀. "Ẹni tó bá ní ìlú yìí ò gòkè, ẹ mú un wá síbi iṣẹ́ mi, kó wá wò ó bóyá mo ráyè jẹun! Ẹni tí ebi ń pa kì í kọ́lé, Ìyá Télọ̀."

Mo kàwé olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílùú wa níbí, ẹ̀rọ ìránṣọ ló wá ń bọ́ mi, n ò sì fi ìwé mi dá ẹnikẹ́ni lágara. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Múfú yìí kò wọ̀ mí létí tán. Bí ìlú bá ń gòkè, kí ló dé tó jẹ́ pé aṣọ àtijọ́ ni wọ́n ń kó wá fún mi? Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi dín in, ẹ bá mi yí kọ́là rẹ̀ padà. Mo lè jókòó títí ìrọ̀lẹ́ kí n má gé aṣọ tuntun kan. Oko iṣu bàbá wa lọ́nà Òkè-Ìlá ti di igbó, torí àwọn géńdé tí ì bá kọ ebè ń ru yanrìn àti sìmẹ́ǹtì. Iṣu tí à ń jẹ, ọkọ̀ ló ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Èmi tí mo tinú oko iṣu jáde ń ná iṣu bí àlejò.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá wa dá ọwọ́ dúró lórí ìgbálẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú nígbà náà, èémí wọn sì ti ń kúrú. Wọ́n pè mí.

"Sàdíá."

"Ẹ̀ẹ́n, Ìyá."

"Lọ mú un wá fún mi. Kó wá ṣílẹ̀kùn, kí n tẹ̀ lé e wọlé. Bó bá fẹ́ padà lọ́jọ́ kejì, kó padà. N kò bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Kí ni ọmọ máa sọ sí ìyẹn? Mo ti ìsọ̀ mi. Ìyá wa já obì lára igi tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n fi ewé tútù dì í dáadáa, wọ́n ní kí n kó o fún Ràímì. Mo bọ́ sọ́nà.

Bí Yorùbá ṣe ń tán lẹ́nu

N ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dà yín láàmú. Ẹ sá mọ̀ pé ìdí mi ro mí. Ohun tí n ò lè gbàgbé ni bí èdè ṣe ń fi mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní Kùtọnù, mo ṣì ń gbọ́ Yorùbá. Obìnrin kan tó ta omi fún mi tiẹ̀ pè mí ní "ẹ̀gbọ́n". Nígbà tí a dé Lomé, àwọn tó gbọ́ ti dín kù. A la ilẹ̀ Gánà já, mo fi gẹ̀ẹ́sì amúlùmálà mi yí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu mi di ẹrù. Èmi tí ẹ mọ̀ pé mo máa ń sọ̀rọ̀ jù, mo di ẹni tó ń fi ìka tọ́ka sí oúnjẹ.

Ní ẹnubodè tó gbẹ̀yìn, sọ́jà kan tú àpò mi. Ó rí ìdì ewé yẹn, ojú rẹ̀ sì le. Ó ń bi mí ní nǹkan, n ò gbọ́. Ó tún un bi, ó ń pariwo, bí ẹni pé etí mi ló di. Mo tú ewé náà, mo fi obì hàn án. Ó mú ẹyọ kan, ó pa á, ó ju ìdajì sẹ́nu, ó sì na ìdajì yòókù sí mi. Àwa méjèèjì dúró nínú oòrùn, à ń jẹ obì ẹ̀yìnkùlé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ànàgó!", ó sì júwọ́ pé kí n máa lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa lọ́hùn-ún nìyẹn. Ìlá ni o, Ẹdẹ ni o, Ànàgó ni ọ́.

Ohun kan tún wà. Ní gbogbo ìlú tí a kọjá, ilé ni wọ́n ń kọ́. Irin ń yọrí sókè lórí òrùlé tí kò tíì parí, búlọ́ọ̀kù wà lẹ́bàá títì lọ súà. Mo ń wò wọ́n láti inú ọkọ̀, mo ń rántí Bàbá Múfú, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé àbí ọkùnrin yìí gbọ́n jù mí lọ ni? Àbí gbogbo ayé ló ti lówó, tó ku èmi nìkan?

Omi kí ìròyìn tó dé

Ràímì wá pàdé mi ní gáréèjì Àbìjàn. Gínì aláwọ̀ aró ló wọ̀, ó ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi láàárín èrò, eruku bo àyà rẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Mo gbé e dìde, mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Ó ti rù. Ojú mi wá lọ sí ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti tú ìṣẹ́po rẹ̀, wọ́n fà á gùn, ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹni tó kúrú ju àbúrò mi lọ ni wọ́n rán gínì yẹn fún. 

Ẹ gbọ́, Àbìjàn lẹ́wà. Ọ̀sà ńlá là á láàárín, afárá gùn lórí rẹ̀, ilé sì ga débi pé ọrùn á dùn ọ́. Ràímì ń fi hàn mí, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni pé òun ló ni ín. Mo bi í pé ilé tirẹ̀ ńkọ́.

"Wọ́n ń kùn ún lọ́wọ́ ni, Àǹtí mi. Òórùn ọ̀dà á dà yín láàmú. Mo ti bá yín gba ibì kan tó tù yín lára."

Ọ̀dọ̀ Afúè ló mú mi lọ. Obìnrin ìlú ibẹ̀ ni, ẹgbẹ́ mi, ó ń ta oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ládùúgbò náà. Ó ti bá àwọn obìnrin wa ṣòwò lọ́jà rí, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀, àmọ́ Yorùbá tí kò ní "ẹ" ni. Ọmọdé, àgbà, "ìwọ" ló ń pe gbogbo ayé. Ní Ìlá, wọn ì bá ti gbá a létí.

"Bọ́n arive!" ló kọ́kọ́ fi kí mi, ìyẹn káàbọ̀ tiwọn. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó wá jókòó. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ràímì ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì jáde. Afúè gbé oúnjẹ wá: gbágùúdá ni wọ́n fi ṣe é, ó dà bí gààrí tí wọ́n se lóoru, ó kan díẹ̀, ẹja díndín àti àlùbọ́sà tútù wà lórí rẹ̀. Atiékè ni wọ́n ń pè é. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá ọwọ́.

Ìgbà náà ló wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ìwọ, ìròyìn?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àlejò á kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í léèrè ìròyìn, òun náà á ní àlàáfíà ni. Wọ́n á wá tún un bi lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni yóò sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Ó wù mí. Àwa tí a kì í jẹ́ kí ẹrù kúrò lórí àlejò kí a tó bi í pé kí ló gbé e wá.

Mo ní àlàáfíà ni. Ó tún un bi. Mo wá sọ ti Ìyá wa fún un, ti ẹsẹ̀ wọn tó ń wú, àti ti ilé ńlá tí Ràímì kọ́ tó ń dúró de ẹni tí yóò ṣí i. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe òpó, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orí mi ń wú.

Afúè kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí. "Ràímì ní ilé tó tóbi báyìí?"

"Ó ní in."

Ó fi ètè tọ́ka sí òdì kejì títì, síbi ilé gíga kan tí wọn kò tíì rẹ́, tí kò ní fèrèsé, tí irin yọ lórí rẹ̀. "Kí ló dé tí ó ń sùn síbẹ̀ yẹn?"

Ilé tí kò nílẹ̀kùn

Mo dá títì kọjá. Iwájú ilé náà, láàárín òkìtì yanrìn àti òkúta, ti di gbígbá. Ìlà ìgbálẹ̀ hàn nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n tò tẹ̀ léra. Mo mọ ọwọ́ tó ń gbálẹ̀ báyẹn. Ọwọ́ Ìyá wa ni. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbà wọlé.

Ràímì wà lókè, ó ń bu omi rin kọnkéré tuntun kí ó má baà sán. Ó ti bọ́ gínì. Ṣòkòtò péńpé tó ti ya ló wà nídìí rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ kan, ó tẹ́ bébà sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó tẹ́ ẹní lé e lórí. Bútà àlùwàlá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti àpò kan. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé tí kò ní gíláàsì wọlé. Ìgbà tó rí mi, ó rọra gbé korobá sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ta ló júwe ibí fún yín?"

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo fi ìborùn bo ojú, mo sunkún gidi. Inú bí mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọlọ́dẹ ni. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ń ṣọ́, inú rẹ̀ náà ló ń sùn. Bí ilé bá parí, tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, tí onílé fẹ́ kó wọlé, òun á ká ẹní rẹ̀ lọ síbi ìpìlẹ̀ mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù páátì mọ́tò tí ó máa ń sọ fún wa lórí fóònù, ti ẹlòmíràn ni. Ó ti ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀ rí.

"Ràímì, kí ló dé tí o fi wá kọ́ èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Yàrá méjì ì bá tó wa. Ìyá ì bá ti wà nínú rẹ̀."

Ó wolẹ̀. "Ẹ rí ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi? Ó ti ga kí n tó fa ìpìlẹ̀. Ṣé yàrá méjì ni mo fẹ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn?"

"Ẹni tó nilé aláwọ̀ ewé náà, ṣé òun lówó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín kan, ẹ̀rín tí n ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé. Ó mú mi lọ sójú fèrèsé, ó tọ́ka sí ilé mìíràn tí wọ́n ń kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. "Ibẹ̀ yẹn ló ń sùn. Òun ló ni gínì tí mo wọ̀ wá pàdé yín. Ẹni tó ni èyí tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí wa nílé, ó wà lẹ́yìn ọjà lọ́hùn-ún. Àdúgbò wa ni gbogbo ibí yìí, Àǹtí mi. Ibí la ti ń sùn."

Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ gbọ́ o. Àwọn ilé tí à ń fi yangàn, tí à ń tọ́ka sí fún àlejò, tí Bàbá Múfú fi ń búra, ẹni tí kò nílẹ̀kùn ló kọ́ wọn. Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé ọrọ̀ ló ń jáde di ilé. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni, oorun ni, aṣọ ni, ebè iṣu ni. A kó gbogbo rẹ̀ po mọ́ yanrìn, a fi yọ búlọ́ọ̀kù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó bá mi padà, kó wá ṣílẹ̀kùn fún Ìyá, ọjọ́ kan péré.

"Bí mo bá dé, ta ni yóò gbà pé n kò lówó? Ilé yẹn ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Wọn á wá kí mi láàárọ̀, wọn á wá lálẹ́, àìsàn á wá, owó ilé-ìwé á wá. Mọ́ṣáláṣí á ní kí n fowó kún ògiri. Kí ni n ó fún wọn? Ṣé kí n yọ búlọ́ọ̀kù lára ilé?"

"Jẹ́ ká tà á nígbà náà."

"Ta ni yóò rà á? Ẹni tó bá lówó ń kọ́ tirẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí mi, ilé yẹn ni kò jẹ́ kí n lè wálé."

Obì

Mo pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Afúè. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ Ràímì, ojoojúmọ́ ló ń wolẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀, ó kó èyí tó ṣẹ́ kù nínú obì tí Ìyá fi ránṣẹ́ jáde, ó ti ń jẹ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó má baà tètè tán. Ó ní mo lè sọ ọ̀rọ̀ òun fún gbogbo ìlú bí mo bá fẹ́, bóyá ẹlòmíràn á ti ibẹ̀ dín tirẹ̀ kù. "Ìyá nìkan ni kẹ́ ẹ má sọ fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ń sùn dáadáa." Mo ṣèlérí fún un. Afúè fún mi ní atiékè nínú ọ̀rá, ó sì di ọwọ́ mi mú títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ilé

Bàbá Múfú ló kọ́kọ́ rí mi. "Ìyá Télọ̀! Ẹ wò ó, wọ́n ti tún fa ìpìlẹ̀ tuntun lẹ́yìn ilé yín. Ìlú ń gòkè!" Mo kí i, mo kọjá.

Ìyá wa jókòó síwájú ilé alámọ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wò ó pẹ́, kí wọ́n tó wo ojú mi. Wọ́n ní kí n lọ bu omi mu. Mo mu omi náà, mo ń rántí Afúè.

"Ràímì ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá. Ó kí yín. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè tẹ̀ lé mi."

Wọ́n tún un bi. "Ibi tó ń gbé lọ́hùn-ún ńkọ́? Ṣé ó dáa?"

N ò fẹ́ purọ́ fún ìyá mi, n ò sì fẹ́ pa wọ́n. Mo wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ tí kò ní ẹ̀gún. "Ilé náà tóbi, Ìyá. Ó ga ju èyí tó wà níwájú wa yìí lọ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí i."

"Ó ga ju èyí lọ?"

"Ó jù ú lọ dáadáa. Àárọ̀ ni Ràímì ń gbá iwájú rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ bíi tiyín gan-an, Ìyá, ìlà ìgbálẹ̀ yín ni mo fi dá a mọ̀."

Mo rò pé ìyẹn á dùn mọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, wọ́n sì mi orí. Wọ́n wá wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ìyeyè náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń gbá iwájú rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti di onílé síbẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

Òótọ́ nìkan ló lè gba èrò yẹn padà lọ́kàn wọn, mo sì ti ṣèlérí fún Ràímì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí fúnra mi. Wọ́n ti kírun àsùbáà tán, ilẹ̀ ti mọ́, ewé máńgòrò ti bo iwájú ilé Ràímì. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń retí ìró ìgbálẹ̀ títí oòrùn fi yọ, kò dún.